Ẹ jẹ́ kí tíṣà, wẹ́fíà, nọ́ọ̀sì àti pólíìsì jọ jà kí wọ́n tó jọ ṣiṣẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn.

Ẹnì kan kọ lẹ́tà sí yín, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ó ní gbogbo tréníìn tí ìjọba àtàwọn NGO ń ṣe fáwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọmọ ilé ìwé àti ẹbí wọn, owó tó ń wọgbó ni, kí wọ́n kúkú fi ra ṣọ́ọ̀kì àti bẹ́ǹṣì. Mo gbà fún un díẹ̀, mi ò gbà fún un púpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Bẹ́ǹṣì ṣe pàtàkì o, àwọn ọmọ ṣì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láwọn ilé ìwé kan, mo fojú ara mi rí i. Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ò lè mọ̀ pé ọmọ tó jókòó lé òun lórí ò tíì jẹun láti àná, èèyàn ló ń mọ ìyẹn, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Àdìrẹ ni mò ń tà n'Ítòkú níbí l'Abẹ́òkúta, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò sì ṣe tíṣà rí. Àmọ́ mo wà nínú SBMC ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ládùúgbò wa. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bá HM, ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé, mójú tó ilé ìwé ni, wọ́n máa ń mú èèyàn látinú àwọn òbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde, aṣojú ọba tàbí baálẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ́ obìnrin, kódà wọ́n máa ń mú ọmọ ilé ìwé sí i. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà pè mí sí tréníìn kan tí wọ́n kó oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ jọ sí, tíṣà ni o, nọ́ọ̀sì ni o, àwọn wẹ́fíà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọ àti ẹbí, pólíìsì, àwọn tó ń dáná fáwọn ọmọ, gbogbo wa nínú hótẹ́ẹ̀lì kan l'Ókè-Ìlẹ̀wọ́ tí ẹ́sì ibẹ̀ tutù débi pé ìyá kan lọ mú ìborùn. Wọ́n fún wa ní báàgì, bírò àti ìwé, ẹni tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ fi "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ṣí i, a pàtẹ́wọ́. Mo ti ń ro ti ọjà mi nílé.

Ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ dáa, ó dáa ju gbogbo ìyókù lọ. Wọ́n pín wa sí tábìlì tábìlì. Tábìlì tiwa, tíṣà méjì, nọ́ọ̀sì kan láti hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ọ́físà wẹ́fíà kan, pólíìsì obìnrin kan, ìyá kan tó ń se oúnjẹ ilé ìwé, àti èmi. Wọ́n fún kálukú ní bébà kékeré kan, wọ́n ní ká má fi han ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ló wà nínú ẹ̀, ọmọ àfinúrò ni o, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin ọdún 9, ó wà ní prámárì fọ́ọ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí ẹ̀ ló ń gbé lápá Láfẹ́nwá. Bébà àwọn tíṣà sọ pé ọmọ náà máa ń pẹ́ dé, ó máa ń sùn ní kíláàsì, wọ́n ti nà án títí, kò gbọ́. Ti nọ́ọ̀sì ní wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ kan tí apá ẹ̀ jóná, àǹtí ní omi gbígbóná ló dà sí i, wọ́n tọ́jú ẹ̀, ó lọ. Ti pólíìsì ní aládùúgbò kan wá ṣàlàyé pé òun ń gbọ́ igbe ọmọ lóru, wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kó lọ bá lándílọ́ọ̀dù. Ti wẹ́fíà ní ìyá tó bí ọmọ náà wá láti abúlé kan l'Ọ́dẹ̀dá, ó ní wọn ò jẹ́ kóun fojú kan ọmọ òun, wọ́n ṣí fáìlì fún un, ìyá ò padà wá mọ́, fáìlì wà ńbẹ̀. Ti ìyá olóúnjẹ ní ọmọ náà ló máa ń kọ́kọ́ jẹun tán, á tún wá ní òun fẹ́ bá wọn fọ ìkòkò kó lè rí ìdí ìkòkò ha jẹ. Tèmi ọlọ́jà ní mo máa ń rí i láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó gbé igbá fùfú lérí, ó ń polówó.

Wọ́n wá ní ó yá, ẹ tẹ́ bébà yín sílẹ̀, ẹ kà á pọ̀. Ha, ariwo sọ.

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. "Tíṣà, ọmọ ń sùn lójú yín lójoojúmọ́, kò sí ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ kọ sí wa, ẹgba lẹ rí fún un?" Tíṣà ní, "Màmá nọ́ọ̀sì, ta ni kí n kọ ọ́ sí? Nọ́ńbà ta ló wà lọ́wọ́ mi? Ẹ̀yin náà rí apá tó jóná, ẹ ò béèrè ilé ìwé tó ń lọ, ẹ kàn fi báńdéèjì wé e." Làwọn méjèèjì bá kọjú sí ọ́físà wẹ́fíà, ìyẹn náà ò gbà, ó ní mọ́tò ọ́fíìsì àwọn ti kú, owó ọ̀kadà tóun fi ń lọ sílé àwọn èèyàn, àpò òun ló ti ń jáde, ṣé kóun lọ wo ọmọ ní Láfẹ́nwá ni àbí kóun lọ wá ìyá lọ sí Ọ̀dẹ̀dá, owó oṣù mélòó lòun ń gbà. Pólíìsì obìnrin yẹn ti ń gbọ́ wọn látìgbà yẹn, ó wá sọ̀rọ̀ ọ̀hún jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Tá a bá mú àǹtí yẹn lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí yìí náà lẹ máa kó baálẹ̀ àti pásítọ̀ àti àlùfáà wá bá DPO lálẹ́, ẹ óò ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀, èmi tí mo mú un ni mo máa wá di ìkà èèyàn." Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wá yíjú sí mi, "Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà náà ńkọ́? Ẹ rí ọmọ tó gbé igbá láago mẹ́fà ààbọ̀, kí lẹ ṣe? Ẹ ra fùfú ni."

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ẹni tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàtẹ́wọ́, ó ní ó tó, ó tó, ẹ má bínú, àsìkò ti lọ, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun, jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìyẹ bá pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Nígbà tá a padà dé, ọ̀rọ̀ ti yí sí ká máa bọ̀wọ̀ fúnra wa, ká máa rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wa.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí fúnra ẹ̀ ti kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù láàárọ̀ pé Bruce Tuckman, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní 1965 pé ìpele mẹ́rin ni àwọn tó bá fẹ́ jọ ṣiṣẹ́ máa ń gbà kọjá. Wọ́n á kọ́kọ́ pàdé, kálukú á máa ṣe sùúrù fún ẹnìkejì, lẹ́yìn náà wọ́n á forí gbárí, lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n á tó fẹnu kò lórí bí àwọn á ṣe máa ṣe é, ìgbà yẹn niṣẹ́ gan-an á tó máa lọ. Ní 1977, òun àti Mary Ann Jensen wá fi ìkarùn-ún sí i, ìyẹn ìtúká. Ọkùnrin yìí ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Àfi bó ṣe di pé orí bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí lóòótọ́, ó sáré pa á. A ṣe ìkíní, a yọjú wo ìkejì, a fo ìkẹta àti ìkẹrin, a bọ́ sí ìkarùn-ún, a ya fọ́tò, a gba sátífíkéètì, a túká.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ìyẹn lọ, Olóòtú. Ìjà yẹn ni tréníìn. Gbogbo ìyókù, bébà àti jọ̀lọ́ọ̀fù ni.

Ẹ wò ó, nínú ìjà tí ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ohun tó jáde síta pọ̀. A mọ̀ pé tíṣà ò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé wẹ́fíà ò ní mọ́tò. A mọ̀ pé ẹ̀rù ẹ̀bẹ̀ ló ń ba pólíìsì, kì í ṣe ẹ̀rù àǹtí. Kò sí lẹ́kíṣọ̀ tó lè kọ́ wa níyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa dìde nínú gbọ̀ngàn wá sọ pé ọ́fíìsì tòun ò rí nǹkan ṣe, inú ìbínú ló ti ń jáde. Gbogbo ẹ̀ ló sì máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tọ́mọ gidi bá wà nílẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá ṣe ń jà, ọmọ ló ń jìyà ẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé ó sàn kí wọ́n bá ara wọn jà lórí ọmọ inú bébà?

Iṣẹ́ wọn ò jọra, ìwà tíṣẹ́ ń kọ́ èèyàn ò sì jọra. Agogo ni tíṣà ń tẹ̀ lé, tí mátíìsì bá parí ìngílíìṣì ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ń sùn ń da kíláàsì láàmú ni lójú tiẹ̀. Ẹni tó bá wọlé ni nọ́ọ̀sì ń wò, tó bá ti jáde ẹlòmíì ti wọlé. Pólíìsì fẹ́ rí ẹni tó fẹjọ́ sùn, ó fẹ́ rí sítétímẹ́ǹtì, tí ò bá sí ẹ̀rí ọwọ́ ẹ̀ ò ká a. Wẹ́fíà lẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ gba kó lọ jókòó sílé àwọn èèyàn, kó gba àsìkò, kó wo bí wọ́n ṣe ń gbé, òun náà sì ni wọn ò fún ní mọ́tò, ẹ ò rí ayé. Ọ̀gá wọn náà ò tún pa pọ̀. Tíṣà ń wo ojú SUBEB, ìyẹn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti nọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀, wẹ́fíà ní mínísìrì tiwọn l'Ókè-Mosàn níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, pólíìsì ní tiẹ̀, Abùjá ló ń wò, kọmíṣọ́nà tó wà ní Eléwéeran ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé kankan. Torí náà kò sí ọ̀gá kan ṣoṣo láyé yìí tó lè pàṣẹ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ẹ lọ wo ọmọ Láfẹ́nwá. Ohun kan tó lè mú wọn ṣe é ni pé wọ́n mọ ara wọn, wọ́n sì ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síra wọn rí.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé àfinúrò lásán ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ibi tí wọ́n ti lówó tí wọ́n ní mọ́tò ló ti ṣẹlẹ̀. Victoria Climbié lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ivory Coast. Àǹtí bàbá ẹ̀ ló wá gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí ẹ̀, ó ní òun á mú un lọ sí Yúróòpù lọ fi síléèwé gidi. Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa, ta ni nínú wa tí wọn ò fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí rí, tàbí tí kò gba ọmọ ẹlòmíì sọ́dọ̀? Wọ́n gba ilẹ̀ Faransé kọjá, wọ́n dé London ní April 1999, wọn ò sì fi í síléèwé kankan ní London. February 25, 2000 ló kú, ọmọ ọdún 8 ni, dókítà tó yẹ òkú ẹ̀ wò ka àpá 128 sí i lára. Ẹ wá gbọ́ àwọn tó ti rí i tàbí tó ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀: ọsibítù méjì, wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀ka pólíìsì tó wà fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, méjì, àti ibùdó ẹgbẹ́ NSPCC tó ń dáàbò bo ọmọdé. Lord Laming tó ṣèwádìí ẹ̀ gbé ìwé jáde ní January 2003, ó ní ó kéré tán ìgbà 12 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ì bá ti gba ọmọ náà là.

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn kì í ṣe pé wọn ò ríra wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọsibítù, dókítà tó kọ́kọ́ wò ó fura pé wọ́n ń lu ọmọ yìí ni, pólíìsì ti dáàbò bò ó kí wọ́n má lè gbé e lọ. Ọ̀gá dókítà wá dé, ó wo àwọn àpá yẹn, ó ní ìfọ́n ni. Pólíìsì gbọ́ ìfọ́n, wọ́n yọwọ́, ọmọ padà sílé àǹtí. Nígbà tó tún yá, tó yẹ kí wẹ́fíà àti pólíìsì lọ wo ilé tọ́mọ ń gbé, wọn ò lọ, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ìfọ́n má ran àwọn. Ẹnì kan ṣoṣo ò sí tó sọ pé ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìfọ́n kì í lu èèyàn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fúnra wọn jù. Ẹ wá wo ilẹ̀ tiwa níbí, níbi tí ọ̀gá kì í ti í ṣàṣìṣe, tí nọ́ọ̀sì kékeré ò jẹ́ yanu níwájú dókítà, tí tíṣà á kúnlẹ̀ kí ọ́físà tó wá láti Òkè-Mosàn, ṣé àwa ni ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣẹlẹ̀ sí?

Òyìnbó ṣòfin lórí ẹ̀ ní 2004 pé dandan ni káwọn iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ ọmọ kàn jọ máa ṣe é pọ̀. Ó dáa. Ní 2007, ní Haringey, ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tọ́rọ̀ Victoria kàn, ọmọkùnrin kan tí ò tíì pé ọdún méjì, Peter Connelly, tún kú sí ilé táwọn òṣìṣẹ́ ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde. Nítorí náà mi ò bá yín sọ pé tréníìn ni oògùn gbogbo nǹkan. Àwa náà ní òfin, kì í ṣe tuntun: òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2003, Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2006, òfin tó ní kọ́mọ lọ síléèwé lọ́fẹ̀ẹ́ àti ní dandan láti prámárì wọ́ọ̀nù dé JSS 3 jáde ní 2004. Òfin 2003 yẹn sì sọ ọ́ gbangba pé ẹ ò gbọdọ̀ fọmọ kiri ọjà. Ẹ wá dúró sí Kútọ̀ tàbí Ṣàpọn láàárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé kẹ́ ẹ wo òfin.

Ẹlòmíì á ní gbogbo èyí tí mò ń sọ, nǹkan òyìnbó ni, àwa ò lè ṣe é. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kó wá ká jọ lọ sí Àró, níbi tí ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ wà, kò jìnnà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, Baptist Boys' ló lọ. Ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé n'Áró, dípò kó ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí kan tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù lójú mọmọ kí wọ́n sì padà sílé lálẹ́. Ó tún lọ pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́. Dókítà tó kàwé dé ìlú òyìnbó, nọ́ọ̀sì, àgbẹ̀ tó ní ilé, ìyá aláìsàn, adáhunṣe, gbogbo wọn lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ní ọdún mélòó sẹ́yìn. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé wọn ò jà. Ayé wá ń wò wá kọ́ ọ, Lámbò náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, nígbà tó yá. Inú abúlé niṣẹ́ yẹn ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe hótẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp náà wà. Wọ́n ṣí gúrúùpù fún wa lọ́jọ́ tá a parí, wọ́n ní ibẹ̀ la ó ti máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ tó ara wa létí. Ní báyìí, àdúrà òwúrọ̀ àti "Happy Sunday" ló kún ibẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ń ta òróró. Ìyẹn ò tíì burú. Èyí tó burú ni pé ẹnì kan ju fọ́tò ọmọ kan tó ní ojú egbò síbẹ̀, ojú ọmọ hàn kedere, ó ní ta ló mọ àwọn òbí ẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú fọ́tò yẹn ti dé ọjà, mo mọ̀ torí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti gúrúùpù àwọn aláàdìrẹ. Ẹ dákun, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ wa ní bá a ṣe ń jọ ṣiṣẹ́, kó kọ́ wa ní ohun tá ò gbọdọ̀ sọ náà, àtẹni tá ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún. Àwa ọlọ́jà, ẹnu wa ò ní àgádágodo, mo ń sọ ọ́ torí mo wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fìyà jẹ nílé, tí wọ́n tún wá gbé ìtìjú ẹ̀ kiri ìgboro, kò ní sọ̀rọ̀ fún tíṣà kankan mọ́ láéláé. Wẹ́fíà ò nílò kó mọ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀, pólíìsì ò nílò kó mọ àìsàn ìyá ọmọ. Orúkọ, ibi tó ń gbé, ohun tójú rí, ohun tá a fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ó tó.

Ó tún ku ohun kan tí mo ń rò látọjọ́ yẹn. Lórí tábìlì wa, kò sí bébà fún àǹtí. Kò tún sí fún ọmọ náà fúnra ẹ̀. Gbogbo wa la ní nǹkan tá a mọ̀ nípa wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀ látẹnu wọn. Ká ní wọ́n fún àǹtí ní bébà ni, bóyá ohun tó máa wà níbẹ̀ ni pé opó ni, ó ń jí láago mẹ́rin láti ro fùfú, ọmọ mẹ́rin tiẹ̀ wà nílẹ̀, ìyá ọmọ yẹn ṣèlérí pé òun á máa fi gaàrí ránṣẹ́ kò fi ránṣẹ́ rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ rí pé báwo ni nǹkan ṣe rí o. Mi ò sọ pé kí wọ́n gbà á láyè kó jó ọmọ ọlọ́mọ lápá. Mo ń sọ pé tí pólíìsì bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn ẹ̀, ìbẹ̀rù ló máa kó wọlé, á gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíì lóru ọjọ́ yẹn, gbogbo yín á wá dúró síbẹ̀ ẹ óò máa wo ilé òfìfo. Tó bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n, tàbí ìyá olóúnjẹ, tàbí ìyá ọlọ́jà tó jókòó tì í, ló kọ́kọ́ wọlé, ó lè jẹ́ pé á jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kíkiri náà, ẹ má fi gbogbo wa pọ̀. Ọmọ mi náà máa ń wá bá mi ká aṣọ lẹ́yìn ilé ìwé, èmi náà bá ìyá mi ká a, ohun tó kọ́ mi niṣẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó ń ká aṣọ láago mẹ́ta ọ̀sán, tó ti jẹun, tó ti ṣe assignment, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ tó ń kiri kílẹ̀ tó mọ́. Tí àwọn òṣìṣẹ́ ò bá mọ ìyàtọ̀ yẹn, ọlọ́jà kan ò ní bá wọn sọ òótọ́ mọ́, a ó kàn máa pa ọmọ mọ́ tá a bá rí wọn lókèèrè.

Torí náà, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi sọ fún àwọn tó wà l'Ókè-Mosàn àti ìjọba ìbílẹ̀ wa ni pé kí wọ́n má pa tréníìn run bí ẹni yẹn ṣe wí, kí wọ́n gbé e kúrò ní hótẹ́ẹ̀lì. Wọ́ọ̀dù ni kí wọ́n ti máa ṣe é, nínú ilé ìwé tàbí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò yẹn. Àwọn tó ń rí ọmọ gan-an ni kí wọ́n pè, kì í ṣe ọ̀gá tó máa rán akọ̀wé wá tí akọ̀wé náà á sì máa tẹ fóònù. Owó tí wọ́n fi ń gba gbọ̀ngàn tó ní ẹ́sì, kí wọ́n fi tún mọ́tò wẹ́fíà ṣe, tàbí kí wọ́n máa fún obìnrin yẹn lówó ọ̀kadà lóṣooṣù, ojú ń tì mí pé àpò ẹ̀ ló ti ń jáde. Búńsì àti píọ̀ wọ́tà tó wa jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ darí ẹ̀ kó jẹ́ ẹni tí ò bẹ̀rù ariwo, tó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí èèyàn jà kó má di èébú, tó sì máa dúró títí wọ́n á fi dé ibi tí wọ́n ti máa bi ara wọn pé ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe é lọ́la. Kí wọ́n tó dìde ńbẹ̀, kí tíṣà ti mọ orúkọ nọ́ọ̀sì, kí nọ́ọ̀sì ti mọ wẹ́fíà wo ló ni wọ́ọ̀dù yẹn, kí gbogbo wọn ti mọ ẹni tí wọ́n máa bá ní tẹ́ṣọ̀n, kí baálẹ̀ náà sì ti gbà lójú gbogbo èèyàn pé òun ò ní lọ bẹ DPO lórí ẹni tó fìyà jẹ ọmọ. Kí wọ́n tún pàdé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn kan náà, kì í ṣe àwọn tuntun. Mo mọ̀ pé transfer wà, ẹ óò dá ẹnì kan lẹ́kọ̀ọ́ tán wọ́n á gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú tàbí Yewa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí náà kí ẹni méjì méjì máa wá láti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń lọ mú ẹni tó ń bọ̀ lọ fi han àwọn tó kù lójúkojú kó tó kó ẹrù ẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ ibi tí wọ́n ti máa dán an wò kí táàmù tuntun tó wọlé, ilé ìwé wa n'Ítòkú níbí ṣe tán, HM ti gbà, mo ti bá a sọ ọ́. Gbọ̀ngàn wà, fáànù kan ń ṣiṣẹ́. Àga ni ò tó, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ wa máa ń yá wa. Kí wọ́n má ṣáà mú un sí ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá aláàdìrẹ kan, ọmọ ẹgbẹ́ SBMC,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.